Íǹṣì 2 Ti Tó: Bí A Ṣe Ń Gbé Jíìpù Ìdílé Sókè Láìba Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Jẹ́

Tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léra wọn ní Akúrẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn onímọ́tò máa ń gbé lọ bá mẹkáníìkì: “Ẹ bá mi gbé jíìpù yìí sókè, abẹ́ rẹ̀ ń ha ilẹ̀.” Mẹkáníìkì á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ní ìyẹn ò le, á rán ọmọṣẹ́ sí tọ́nà pé kó gé irin róbótó mẹ́rin wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, jíìpù ti ga bí ọkọ̀ ṣọ́jà. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, rọ́bà ṣáàfù (irin tó ń yí táyà iwájú) ti ya, ẹ̀gbẹ́ inú táyà iwájú ti jẹ dé wáyà, sítíárìn ò dúró lójú kan mọ́ tí wọ́n bá kọjú sí ọ̀nà Iléṣà, ìyá àgbà ò sì lè dá gun ọkọ̀ mọ́.

Jíìpù ìdílé là ń sọ níbí o: èyí tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó ń gba Oyèmẹ́kùn lọ sọ́jà, tó sì ń lọ sí aba kòkó lápá Ìdànrè tàbí lẹ́yìn Ìgbátòrò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, íǹṣì 1 sí 2 ló bójú mu. Íǹṣì 2 àbọ̀ ni ẹnu ààlà. Ohun tó bá kọjá ìyẹn, apá òkè tuntun (irin òkè tó so ìdí táyà mọ́ ara ọkọ̀), ṣáàfù tuntun àti owó tuntun ló ń bèèrè, kò sì sí ohun tó máa fi kún ìrìn aba yín.

Kí ló ń ha ilẹ̀ gan-an?

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti oko dé, ẹ má tíì fọ ọkọ̀. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá ibi tí irin ti ń dán. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ha, ìpẹtà á ti ṣí kúrò, amọ̀ pupa á sì ti lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀nà aba tiwa ní ìwà tirẹ̀, nítorí àwọn ọkọ̀ agbégẹdú ló ń gbẹ́ ẹ. Nígbà òjò, táyà wọn á gbẹ́ ipa méjì tó jìn sílẹ̀, àárín ipa méjèèjì á wá ga bí ebè. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ebè yẹn á le bí bíríkì. Táyà jíìpù á bọ́ sínú ipa, ikùn rẹ̀ á jókòó lórí ebè. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ kan ebè lára àwọn jíìpù Toyota àti Lexus bíi 4Runner, GX470 àti Prado ni dífù ẹ̀yìn, irin róbótó bí ìkòkò tó wà láàárín ákísù, irin tó dábùú láti táyà kan dé èkejì.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó dànù. Àárín ákísù àti ṣáásì, egungun irin abẹ́ ọkọ̀, ni sípíríǹgì wà. Tí ẹ bá fi íǹṣì 2 kún sípíríǹgì, ṣáásì ló gòkè. Ákísù ò kúrò níbi tó wà. Dífù yẹn á ṣì máa fọ́ ebè bó ṣe ń fọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Táyà nìkan ló lè gbé e. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 265/65R17 tó ń bá GX470 wá láti iléeṣẹ́ ga tó mílímítà 776 láti ilẹ̀ dé orí. 265/70R17 ga tó 803. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 27, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló wà lábẹ́ ákísù, nítorí náà mílímítà 13 péré ni dífù á fi gòkè, ìbú ọmọńdinrín. Kò pọ̀, àmọ́ òun nìkan ni gíga tí dífù máa rí gbà. Lẹ́yìn ìpààrọ̀ yìí, tí ojú aago bá ka 100, ẹ mọ̀ pé 103 àti díẹ̀ lẹ ń sá.

Bó bá jẹ́ pé etí bọ́m̀pà, àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́, sàlẹ́ńsà, irin tó dábùú abẹ́ ṣáásì tàbí táyà àpòjù tó so rọ̀ lẹ́yìn ló ń dán, nígbà náà gbígbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè á ràn yín lọ́wọ́ dáadáa. Bó bá sì jẹ́ pé kò sí ibì kankan tó ń dán, tó kàn jẹ́ pé ẹ̀ ń rì sínú ẹrẹ̀, ẹ fi owó yín ra táyà tí eyín rẹ̀ jìn. Gíga kì í yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀.

Ẹ mú téèpù

Gíga tí wọ́n bá fojú wò ò wúlò. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí kọnkéré tó tẹ́jú, láìsí ẹrù àti èèyàn nínú rẹ̀, kí epo wà ní ìdajì. Ẹ wa ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè balẹ̀. Ẹ wá wọn láti àárín gbùngbùn ríìmù lọ sókè tààrà dé etí fẹ́ńdà, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má wọn láti ilẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ táyà tó dínkù àti eyín tó ti jẹ á ṣì yín lọ́nà. Láti àárín ríìmù, táyà ò lè purọ́.

Ẹ kọ nọ́ḿbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí iwájú lápá awakọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 kéré sí apá kejì lára àwọn Toyota yìí. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù tuntun, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, torí tí ẹ bá fi ohun kan náà sí apá méjèèjì, ọkọ̀ á ga tòun ti títẹ̀ rẹ̀. Sípésà (irin róbótó tí wọ́n ń fi kún gíga) tẹ́ẹ́rẹ́, mílímítà 6 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, lórí ṣọ́ọ̀kì apá awakọ̀ nìkan ló ń tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ orí ọkọ̀. Tòkunbọ̀ ọdún 2004 ti lé ní ogún ọdún. Sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣàjèjì kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sọ íǹṣì 1 nù, pàápàá lẹ́yìn, lọ́wọ́ ẹni tó fi ń kó ẹrù. Tí ẹ bá fi sípésà lé orí sípíríǹgì tó ti kú, ẹ kàn gbé òkú lé àpótí ni: ó ga, ṣùgbọ́n kò ní agbára, bó bá bọ́ sí kòtò á tún fọ́ sí rọ́bà ìsàlẹ̀. Nígbà míì, sípíríǹgì tuntun oníwọ̀n iléeṣẹ́ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tuntun nìkan ti tó láti dá abẹ́ ọkọ̀ nídè kúrò lọ́wọ́ bọ́m̀pù àdúgbò.

Nǹkan mìíràn tó yẹ kí téèpù sọ fún yín ni ìyàtọ̀ iwájú sí ẹ̀yìn. Láti iléeṣẹ́, ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ yìí máa ń ga ju iwájú lọ díẹ̀, kó lè tẹ́jú tí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí iwájú 2, ẹ̀yìn 1 àbọ̀ fi ń dára ju kí méjèèjì jẹ́ 2 lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iwájú nìkan sókè títí tó fi tẹ́jú pẹ̀lú ẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Ọjọ́ tí ẹ bá kó àpò kòkó mẹ́ta sí bùútù, imú ọkọ̀ á wòkè, sítíárìn á fúyẹ́, iná iwájú á sì máa tàn sójú ẹyẹ.

Ìgúnpá àti àtẹ́lẹwọ́

Èyí ni kókó tó ń kó àwọn tó ń lo irin tọ́nà sí wàhálà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Ẹ na apá yín ọ̀tún gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́. Èjìká ni ibi tí apá ìsàlẹ̀ ti kan ṣáásì, àtẹ́lẹwọ́ ni táyà, ìgúnpá ni ibi tí ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì dúró lé. Bí ẹnìkan bá ti ìgúnpá yín sísàlẹ̀ ní íǹṣì 1, àtẹ́lẹwọ́ á ti lọ sílẹ̀ tó íǹṣì 2. Bí iwájú 4Runner, GX470, Prado àti Hilux onísípíríǹgì róbótó ṣe rí nìyẹn: ṣọ́ọ̀kì ò dúró nídìí táyà, agbedeméjì apá ló wà. Sípésà oníǹṣì 1 lórí ṣọ́ọ̀kì yẹn ń gbé ọkọ̀ sókè ní nǹkan bí íǹṣì 2. Ẹni tó ní kí tọ́nà gé irin íǹṣì 2 nítorí pé íǹṣì 2 ló ń fẹ́, 4 ló máa rí gbà, ṣáàfù ò sì ní dárí jì í.

Highlander, RX330, RAV4 àti CR-V yàtọ̀. Ṣọ́ọ̀kì tiwọn kan knuckle, irin tó di táyà mú, nídìí táyà gan-an. Íǹṣì 1 lórí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ íǹṣì 1 ní ìdí táyà. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ò ní ṣáásì ọ̀tọ̀, ṣáàfù wọn kúrú, igun rẹ̀ sì tètè ń burú. Ẹ má kọjá íǹṣì 1 sí 1 àti ìdá kan nínú mẹ́rin lórí wọn. Táyà wọn náà á fẹ́ fi orí tẹ̀ síta tàbí sínú lẹ́yìn gbígbé yìí. Àwọn bóòtì onígun pàtàkì kan wà tí wọ́n ń fi sí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti kan knuckle láti fi dá a padà. Kí ẹ rà wọ́n pọ̀ mọ́ sípésà, kó má jẹ́ pé ẹ dé ọ̀dọ̀ alálàáínmẹ́ǹtì tán kó tó ní kò sí ohun tóun lè yí.

Ní ti ẹ̀yìn 4Runner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí ìgúnpá níbẹ̀. Sípíríǹgì jókòó lórí ákísù, ohun tí ẹ bá fi kún un lẹ máa rí.

Sípésà, rọ́bà, tàbí sípíríǹgì tuntun

Sípésà orí ṣọ́ọ̀kì ni ó dínwó jù, ó sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, torí sípíríǹgì ò yí padà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń ti gbogbo ẹsẹ̀ sísàlẹ̀. Tí táyà bá so rọ̀ nínú kòtò, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí iléeṣẹ́ fi òpin sí lọ, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì òkè (oríkèé tó so apá mọ́ ìdí táyà) á fẹ́ fọ́ mọ́ ilé rẹ̀, apá òkè á sì fẹ́ kan sípíríǹgì. Bí sípésà ò bá ju ohun tó máa gbé e ní íǹṣì 2 lọ, ààyè ṣì wà. Kó jẹ́ irin tàbí aluminiọ́mù tó le, kí bóòtì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n rà, kì í ṣe èyí tí wẹ́dà jó mọ́ ọn.

Irú kejì ni èyí tí wọ́n ń fi sáàárín sípíríǹgì àti orí ṣọ́ọ̀kì láti fún sípíríǹgì mọ́ra. Ọkọ̀ á ga, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ò gùn sí i, nítorí náà ààyè tí táyà ní láti sọ̀ kalẹ̀ ti dínkù. Bí ẹ bá ti bọ́ kúrò lórí bọ́m̀pù kan, ẹ máa gbọ́ “kọ̀ǹ!” níwájú. Ṣọ́ọ̀kì ló nà dé òpin tó ń lu ara rẹ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kó tó máa sun epo.

Rọ́bà táyà àtijọ́ tí wọ́n ń gé, tí wọ́n ń ki bọ àárín sípíríǹgì ńkọ́? Ẹ má gbà á. Àwọn ìká tí rọ́bà bá dì mú ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ìyà gbogbo á wá bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù, ibi etí rọ́bà sì ni sípíríǹgì máa ń ṣẹ́ sí. Ìgbà tó bá ṣẹ́, ẹnu rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ó sì lè wọ táyà lórí eré.

Fún ẹni tó bá lágbára rẹ̀, sípíríǹgì tuntun tó gùn díẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá gígùn rẹ̀ mu ló tọ́. Old Man Emu, Ironman àti Bilstein ń ṣe èyí tó bá àwọn Toyota yìí mu. Bilstein 5100 ti iwájú ní ojú ìlà tí wọ́n ń gbé àwo sípíríǹgì lé láti yan gíga. Ayédèrú pọ̀ ní ọjà páàtì ọkọ̀ Ládípò l’Ékòó bí iyanrìn, nítorí náà ẹ fi nọ́ḿbà tó wà lára páálí wé èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì wo bóyá ìwé àlàyé bí wọ́n ṣe ń dè é àti nọ́ọ̀tì tuntun wà nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀? Rárá. Bó bá dára ni, wọn ò ní tú u.

Àwọn tí irin gígùn tó ń yí ló rọ́pò sípíríǹgì níwájú wọn, bíi Pajero àtijọ́ àti Land Cruiser 100, ò nílò sípésà níwájú: bóòtì méjì ló wà lábẹ́ tí wọ́n ń fún. Nítorí pé ó rọrùn, wọ́n máa ń fún un jù. Íǹṣì 1 àbọ̀ ti tó, ìdí rẹ̀ sì ni “kọ̀ǹ” tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Hilux onílẹ́ẹ́fù (irin pẹlẹbẹ) lẹ́yìn, lẹ́ẹ́fù kan ni kí ẹ fi kún un, kí ẹ má fi búlọ́ọ̀kù irin sáàárín lẹ́ẹ́fù àti ákísù.

Ìkìlọ̀ méjì fún àwọn ọkọ̀ kan pàtó. Ẹ̀yìn GX470, afẹ́fẹ́ ló gbé e láti iléeṣẹ́. Báàgì rẹ̀ máa ń jò bó bá dàgbà, ọ̀pọ̀ ló sì ń bọ́ ọ kúrò, tí wọ́n ń fi sípíríǹgì irin rọ́pò. Ó ṣeé ṣe dáadáa, iná ìkìlọ̀ kan ló kàn máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. 4Runner 2003 sí 2009 tó jẹ́ Sport tàbí Limited lè ní X-REAS: páìpù epo so ṣọ́ọ̀kì iwájú ọ̀tún mọ́ ẹ̀yìn òsì, ó sì so iwájú òsì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀tún. Tí ẹ bá rí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ara ṣọ́ọ̀kì lọ sábẹ́ ṣáásì, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n jọ ń jáde, tòun ti páìpù.

Ẹrù tó ń gbé lójoojúmọ́ ló ń yan sípíríǹgì

Tí ẹ bá fẹ́ ra sípíríǹgì, wọ́n á bi yín: fẹ́ẹ́rẹ́, àárín, tàbí elẹ́rù? Ọ̀pọ̀ á sọ pé elẹ́rù, torí pé “àwa máa ń kó kòkó.” Ẹ ṣírò rẹ̀ ná. Àpò kòkó 16 ló ń lọ sí tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ni pé ẹyọ kan wúwo tó kìlógíráàmù 62 àbọ̀. Àpò mẹ́rin jẹ́ 250. Àgbàlagbà mẹ́ta lórí àga ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ̀ ń kó o, ti àárín ni kí ẹ rà. Sípíríǹgì elẹ́rù lábẹ́ ọkọ̀ tó ṣófo kì í tẹ̀. Ọkọ̀ á máa fò kúrò lórí kòtò, àwọn ọmọ lẹ́yìn á máa bì, bíréèkì ẹ̀yìn á sì máa yọ̀ lórí ilẹ̀ pupa tó tutù torí táyà ò di ilẹ̀ mú.

Elẹ́rù ni kí ẹ mú tó bá jẹ́ pé ẹrù náà kì í kúrò níbẹ̀: bọ́m̀pà irin níwájú, àpótí irinṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré. Iwájú àti ẹ̀yìn lè yàtọ̀. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n jẹ́ irú kan náà.

Ohun tó ń bàjẹ́ lẹ́yìn náà

Ṣáàfù lẹ́kọ̀ọ́kọ́. Ní gíga iléeṣẹ́, ṣáàfù iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Tí ọkọ̀ bá gòkè, ó ń dagun sísàlẹ̀ síta. Ẹ wo rọ́bà rẹ̀ tó ní ìpele bí àkọ́díọ̀nù: bí igun rẹ̀ bá pọ̀ jù, àwọn ìpele tó wà lókè á máa fara kanra bó ṣe ń yí. Wọ́n á máa ha ara wọn, wọn á lu, gíríìsì á fọ́n sí inú ríìmù. Amọ̀ á wọlé, ẹ ó sì máa gbọ́ “káká-káká” tí ẹ bá ń yí kọ́nà. Bí ẹ bá rí gíríìsì dúdú tó fọ́n káàkiri, rọ́bà nìkan lẹ máa pààrọ̀ tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá jẹ́ kó di oṣù, odindi ṣáàfù ni. Àwọn kan ń fi sípésà rẹ dífù iwájú sílẹ̀ kí igun lè dín. Fún íǹṣì 2, kò pọn dandan, ó sì ń gba díẹ̀ lára gíga tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra.

4Runner 1996 sí 2002 ní àrùn tirẹ̀: bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é, ìwúwo ọkọ̀ ń fà á yọ ni, kì í tì í mọ́lé. Nígbà tó bá jẹ tán, ó lè já bọ́ lójijì, táyà á sì ṣẹ́ sábẹ́ fẹ́ńdà. Ẹ má gbé ọkọ̀ yìí sókè láìpààrọ̀ rẹ̀ tòun ti bóòtì rẹ̀, kó sì jẹ́ ojúlówó Toyota. Èyí kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣọ́ owó. Ọkọ̀ yìí kan náà ní fáfù kan lórí bíréèkì ẹ̀yìn tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ákísù. Irin yẹn ló ń sọ fún fáfù bóyá ẹrù wà. Tí ẹ̀yìn bá gòkè, fáfù á gbà pé ọkọ̀ ṣófo, á dín bíréèkì ẹ̀yìn kù. Kí wọ́n gbé ibi tí irin náà kàn sókè ní ìwọ̀n tí wọ́n fi gbé ọkọ̀.

Họ́ọ̀sì bíréèkì àti wáyà ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì) ò gùn sí i nígbà tí ẹsẹ̀ gùn. Ẹ jẹ́ kí táyà so rọ̀ pátápátá lórí jáákì, kí ẹ yí sítíárìn dé òpin lápá méjèèjì, kí ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì. Kò gbọdọ̀ le bí okùn tí a fà.

Irin tó di ákísù ẹ̀yìn mú ní ìbú náà ń fa ákísù sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè. Ní íǹṣì 2, mílímítà díẹ̀ ni. Ẹ máa rí i pé táyà ẹ̀yìn kan yọ síta ju èkejì lọ. Kò ní pa ẹnikẹ́ni, àmọ́ irin tó ṣeé fà gùn wà fún ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá gbà á.

Lórí ilẹ̀ mẹkáníìkì

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n ti máa fọ́n òróró ìpẹtà sí àwọn bóòtì onígun tó wà nídìí apá ìsàlẹ̀. Àwọn ni alálàáínmẹ́ǹtì máa yí, àwọn náà ló sì máa ń lẹ̀ mọ́ inú búúṣì. Tí wọn ò bá yí, gíráíńdà ló kù, búúṣì tuntun á sì wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ṣáásì ni kí sítáǹdì irin gbé, kì í ṣe apá. Wọ́n á tú líńkéèjì, tú bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mẹ́ta ni mo wí. Nọ́ọ̀tì kẹrin wà láàárín gbùngbùn wọn. Òun ló dé sípíríǹgì mọ́lẹ̀, agbára tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ohun tó gbé igun kan ọkọ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá tú u láìfi irin ìfúnpọ̀ di sípíríǹgì mú, orí ṣọ́ọ̀kì á fò bá a lójú. Ẹ sàmì funfun sí i kó má bàa dàpọ̀ mọ́ mẹ́ta yòókù. Bó bá jẹ́ sípésà nìkan lẹ̀ ń fi sí i, kò sí ìdí láti fọwọ́ kàn án rárá.

Knuckle ò gbọdọ̀ so rọ̀ lórí họ́ọ̀sì bíréèkì. Kí wọ́n fi okùn so ó mọ́ ṣáásì.

Lẹ́yìn, iṣẹ́ náà yá ju ti iwájú lọ: wọ́n á fi jáákì gbé ákísù, tú ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, rọra sọ ákísù kalẹ̀ títí sípíríǹgì á fi tú sọ́wọ́. Kí ẹnìkan máa wo họ́ọ̀sì bíréèkì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu ìká sípíríǹgì tuntun gbọ́dọ̀ wọ ojú ihò rẹ̀ gan-an. Bó bá yà, á máa dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Ohun tí wọ́n máa ń gbójú fò jù lọ wá kù. Búúṣì apá, ti líńkéèjì ẹ̀yìn àti ti irin ìbú, rọ́bà ló wà nínú wọn, rọ́bà náà sì ti lẹ̀ mọ́ irin lápá méjèèjì. Tí wọ́n bá fún bóòtì rẹ̀ pa nígbà tí táyà so rọ̀ lófuurufú, ibẹ̀ ni rọ́bà á ti gbà pé ilé òun wà. Bí ọkọ̀ bá balẹ̀, rọ́bà ti lọ́ mọ́ra kó tó rìn rárá, kò ní pẹ́ ya. Fífi ọwọ́ fún bóòtì yìí ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n dé táyà, sọ ọkọ̀ kalẹ̀, tì í síwájú sẹ́yìn, gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbà yẹn ni kí ẹnìkan wọ abẹ́ rẹ̀ tòun ti spánà.

Àláínmẹ́ǹtì àti iná

Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ ṣe àláínmẹ́ǹtì, lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ka caster pẹ̀lú camber (bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta) àti toe (bí imú táyà méjèèjì ṣe kọjú síra). Ọ̀pọ̀ ń ṣe toe nìkan, wọ́n á ní ó ti parí. Caster ni gbígbé ọkọ̀ sókè ń jẹ. Òun ló ń jẹ́ kí sítíárìn dá ara rẹ̀ padà lẹ́yìn kọ́nà. Bó bá kéré sí dígírì 2 lára 4Runner, ọkọ̀ á máa rìn kiri lọ́nà Òrè bí ẹni mu ẹmu, ọwọ́ yín á sì ro. Kí wọ́n wá caster tó pọ̀ jù tí bóòtì lè gbà láìba camber jẹ́, kí ọ̀tún àti òsì má fi ju ìdajì dígírì yàtọ̀ síra wọn. Kí ẹ gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde.

Sípíríǹgì tuntun á ṣì jókòó díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì sí ìdajì. Lẹ́yìn kìlómítà 500, kí wọ́n tún fún gbogbo bóòtì. Lẹ́yìn 1,000, ẹ mú téèpù jáde, ẹ wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ alálàáínmẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọkọ̀ tó ga ò ṣeé fi yí kọ́nà lórí eré bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń bá yín wa ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ̀.

Iná iwájú ló ṣẹ́kù. Ní alẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, kí imú rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 7 àbọ̀. Ẹ wọn gíga àárín gílóòbù láti ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé fa ìlà sára ògiri ní gíga yẹn, kí ẹ sì fa òmíràn sísàlẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Orí ìmọ́lẹ̀ iná kékeré gbọ́dọ̀ jókòó sórí ìlà ìsàlẹ̀, kì í ṣe ti òkè. Bóòtì kékeré kan wà lẹ́yìn iná kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ wá gbé e jáde lọ́nà Adó lálẹ́ ọjọ́ kejì, lórí iná kékeré. Bí àwọn tó ń bọ̀ níwájú bá ń ṣẹ́ iná sí yín, ẹ padà sídìí ògiri.